Ẹ Bi Màmá: "Òkúta náà tóbi" nìkan ni ọmọ mi rí sọ

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Ọdún kẹta rèé tí èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi ti ń kọ́ ọmọ mẹ́ta níwèé nínú ilé wa n'Íbàdàn níbí. Àkọ́bí wa ti pé ọdún 11, àwọn ìbejì tó tẹ̀lé e jẹ́ ọmọ ọdún 8. Ó pẹ́ tó ti ń wù mí láti máa mú wọn rìnrìn-àjò, kí wọ́n lè fojú ara wọn rí ohun tí wọ́n ń kà, kí wọ́n sì rí ọwọ́ Ọlọ́run nínú rẹ̀. Bàbá wọn ní fàájì ni mò ń fi orúkọ ìwé pè, pé owó ọkọ̀ kò sì sí nílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tá a dán an wò, Abẹ́òkúta la lọ. Wọ́n gun Olúmọ, wọ́n mu mínírà, a ya fọ́tò, a padà sílé. Nígbà tí mo ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n kọ́, Kẹ́hìndé ní, "Òkúta náà tóbi." Bàbá wọn rẹ́rìn-ín títí. Màmá, àbí òun ló jàre?
— Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN

Ìyá Ìbejì, ẹ kú làálàá. Ẹ ó jèrè ọmọ.

Ẹ jẹ́ n ti orí Kẹ́hìndé bẹ̀rẹ̀, torí ọmọ yẹn kò sọ̀rọ̀ òmùgọ̀ rárá. Títóbi òkúta yẹn gan-an ni ìtàn náà. Ogun ló tú àwọn Ẹ̀gbá ká nílé baba wọn, nígbà tó sì fi máa di nǹkan bí 1830 wọ́n ti sá dé ìdí àpáta náà, abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fara pa mọ́ sí. Ká ní kò tóbi ni, kì bá bò wọ́n. Bí ẹ bá wọ abẹ́ rẹ̀, níbi tí òrùlé ti rẹlẹ̀ tí àgbà gbọ́dọ̀ tẹ̀ ba, ẹ ó rí àwọn kòtò róbótó tí wọ́n ti ń lọ nǹkan lórí òkúta. Ẹ ní kí Kẹ́hìndé ki ọwọ́ bọ ọ̀kan. Á rí i pé inú rẹ̀ ń dán. Ọwọ́ obìnrin ló mú un dán, obìnrin tó ń wá oúnjẹ tọ́mọ máa jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà, tí kò sì mọ̀ bóyá ọ̀tá máa jẹ́ kílẹ̀ mọ́ bá wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, kó tún sọ pé òkúta náà tóbi. Ẹ ó gbọ́ ọ nínú ohùn rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti yàtọ̀.

Nítorí náà, kì í ṣe ìrìn-àjò yín ló kùnà. Ohun tó yẹ kó ṣáájú ẹ̀ ni kò sí. Ẹ ka Jóṣúà orí 4. Ọlọ́run ní kí wọ́n gbé òkúta 12 láti inú Jọ́dánì, kí wọ́n tò wọ́n jọ, kí ọmọ lè béèrè lọ́jọ́ iwájú pé kí ni ìtumọ̀ òkúta wọ̀nyí. Ẹ kíyè sí i pé Ọlọ́run kò retí kí òkúta dá sọ̀rọ̀. Òbí ló máa sọ̀rọ̀, òbí tó ti mọ ìtàn náà kó tó débẹ̀.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ, torí mo ti ṣe é lódì rí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi kó ọmọ mẹ́rin jáde, ibi márùn-ún la fẹ́ dé ní ọjọ́ méjì. Mo ti kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé, aago tá a máa dé, aago tá a máa kúrò. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán ọjọ́ kejì, àbíkẹ́yìn ti bì sára ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú ọkọ̀, èyí tó tẹ̀lé àkọ́bí kò fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ mọ́, mo sì ti jágbe mọ́ wọn níwájú ṣọ́ọ̀ṣì kan tí mo tìtorí ẹ̀ rin ọ̀nà jíjìn. Ó dùn mí gan-an. Mo jókòó sí àtẹ̀gùn ibẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n, a jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀pà, a sì lọ sílé. Láti ọjọ́ náà, òfin kan ni mo ń tẹ̀ lé: ẹnì kan, ọ̀nà kan, ọdún kan. Ẹ mú ẹnì kan ṣoṣo tó gbé ayé rí, kí ẹ tọ ipasẹ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọdún kan gbáko.

Ẹni tá a kọ́kọ́ mú ni Àjàyí Crowther, ọmọ tí wọ́n kó lẹ́rú tó wá di bíṣọ́ọ̀bù. Ìdí tí mo fi mú un ni pé àkọ́bí mi ti pé 12 lọ́dún náà, bẹ́ẹ̀ sì ni Àjàyí tó nǹkan bí ọmọ ọdún 12 nígbà tí wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣòògùn, lápá Ìsẹ́yìn, ní 1821. A kò kúrò nílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. A ń kà ni. Crowther fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìtàn bí wọ́n ṣe mú un sínú lẹ́tà kan ní 1837, ó ṣeé rí kà títí dòní, ọmọ tó bá ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ á lóye rẹ̀ bí òbí bá jókòó tì í. Nígbà tá a dé ibi tó ti sọ pé wọ́n fi òun pààrọ̀ ẹṣin, ọmọ mi gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Ẹṣin kan?" Kò sọ nǹkan mìíràn mọ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, èmi náà ò sì fi ìbéèrè dà á láàmú. A fi òwú wọn ọ̀nà náà lórí máàpù tá a lẹ̀ mọ́ ògiri pálọ̀: láti Òṣòògùn dé Èkó, láti Èkó gba orí òkun dé Sàró (Sierra Leone), láti Sàró padà wá sí Àgbádárìgì, láti ibẹ̀ lọ sí Abẹ́òkúta.

Lẹ́yìn ìyẹn la tó lọ sí Àgbádárìgì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ọmọ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti kó Àjàyí wọkọ̀, bí mo ṣe máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn kan. Èkó ni wọ́n ti kó o, ní oṣù kẹrin 1822, àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì gba ọkọ̀ náà lórí òkun, wọ́n kó wọn lọ sí Sàró. Àgbádárìgì ni ibi tó gbà padà wọlé ní 1845, nígbà tó ti di àlùfáà, tòun ti ìyàwó àtọmọ. Ọ̀tọ̀ ni ẹ̀kọ́ tó wà nínú ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kó èèyàn jáde, ọ̀tọ̀ ni ti ẹnu ọ̀nà téèyàn gbà padà sílé.

A dé ìdí ibi tí igi Agia wà tẹ́lẹ̀, níbi tí wọ́n ti wàásù ìyìn rere ní 1842. Igi náà ti wó, òpó ìrántí ló wà níbẹ̀. Ọdún 1842 yẹn náà ni Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì àti Townsend ti ìjọ Áńgílíkà jọ ṣe Kérésìmesì ní Àgbádárìgì. Lẹ́yìn náà la gun ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì àwọn míṣọ́nnárì, èyí tí wọ́n kọ́ ní 1845. Àwọn ọmọ tó kù ń sáré lókè, pákó ń dún gbì-gbì lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Àkọ́bí mi dúró sójú fèrèsé. Ó ti kà á pé ó lé lọ́dún kan tí Crowther fi dúró sí Àgbádárìgì torí ọ̀nà Abẹ́òkúta dí: Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá tó pè wọ́n, ti kú, ogun sì wà lójú ọ̀nà. Ó bi mí pé, "Màmi, gbogbo ìgbà tó fi ń dúró níbí, ṣé ó mọ̀ pé ìyá òun wà lọ́hùn-ún?" Mo ní kò mọ̀. Nígbà tí a bọ́ sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Mile 2 nírọ̀lẹ́, tí mo rò pé ó ti sùn, ó tún ní, "Ṣé ìyá ẹ̀ dá a mọ̀ nígbà tó dé?"

Mi ò dá a lóhùn. Mo ní ká jẹ́ ká dé Abẹ́òkúta ná.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ní Aké, nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́, la ti ka á fún un: ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ 1846, lẹ́yìn ọdún 25, ìyá àtọmọ tún fojú kanra. Crowther kọ ọ́ pé ara ìyá òun ń gbọ̀n, wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn, ẹnu wọn ò lè sọ̀rọ̀. Ìyá náà, Afala, ṣe ìrìbọmi ní 1848, wọ́n sọ ọ́ ní Hánà. Ọmọ mi ọkùnrin, tí kì í jẹ́ kí n di òun mọ́ra níta mọ́ nígbà yẹn, ló sún mọ́ mi fúnra rẹ̀. Ìyá Ìbejì, ìgbà tá a wá gun Olúmọ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó ní láti ṣàlàyé fún wọn ohun tí òkúta náà wà fún. Irú ogun tó lé àwọn Ẹ̀gbá débẹ̀ náà ló tú agbo ilé Àjàyí ká.

Ọ̀rọ̀ owó wá kù. Ẹ ò nílò láti bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀nà jíjìn. Inú ìlú yín níbẹ̀ ni Kúdẹtì wà. David Hinderer tó jẹ́ míṣọ́nnárì àti ìyàwó rẹ̀, Anna, dé Ìbàdàn ní 1853, wọ́n tẹ̀ dó sí Kúdẹtì, obìnrin náà sì gba àwọn ọmọ ìlú sínú ilé tó ń gbé, ó ń kọ́ wọn níwèé níbẹ̀. Ẹ rí i pé kíkọ́ ọmọ nínú ilé tó dà bí àrà tuntun lójú àwọn ará àdúgbò yín ti ṣẹlẹ̀ n'Íbàdàn ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ ilé-ìwé alájà mẹ́ta síbẹ̀. Nígbà ogun Ìjàyè, ọ̀nà dí mọ́ wọn, ebi pa wọ́n, wọn ò kó àwọn ọmọ náà dànù. Owó ọkọ̀ lásán ló máa gbé yín débẹ̀.

Ẹ tún wo àwọn ìrìn-àjò tí ẹ ti ń rìn tẹ́lẹ̀. Ẹ̀ ń lọ sílé fún ìsìnkú, fún ìkómọ, fún ìkórè. Ẹ̀ ń lọ sí ìpàgọ́ ìjọ yín. Owó yẹn ti jáde ná, ìwé ni kò tíì wà nínú rẹ̀. Ẹ fi àkọ́bí yín ṣe akápò: kó kọ owó tí ẹ mú jáde sílẹ̀, kó san owó ọkọ̀, kó gba ṣéńjì, kó kọ ti búrẹ́dì tí ẹ rà lójú ọ̀nà, kó sì fún bàbá rẹ̀ ní ìṣirò lálẹ́. Ọmọ mi kan tí kì í fẹ́ rí ìyọkúrò sójú nínú ìwé, kọ́ńdọ́ ọkọ̀ ló kọ́ ọ. Àwọn ìbejì yín lè ṣe ìwé ìròyìn olójú kan. Abẹ́òkúta ni Townsend ti dá *Ìwé Ìròyìn* sílẹ̀ ní 1859, tiwọn náà lè ní ìròyìn nípa táyà tó jò àti ohun tí ìyá àgbà sè.

Ní ti bàbá wọn, ẹ má bá a jiyàn. Ẹ gbé máàpù àti òwú fún un, kí ẹ ní òun ni kó kọ́ àwọn ọmọ bí ọ̀nà ṣe jìn sí. Ọkùnrin tó bá ti wọn ọ̀nà náà pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ á fẹ́ rìn ín.

ÌBÉÈRÈ

Màmá, mo kí yín. Mo fẹ́ mú àwọn ọmọ mi lọ sí Olúmọ àti igbó Ọ̀ṣun l'Óṣogbo. Ẹnì kan nínú ìjọ wa ní kò yẹ kí ọmọ Kristẹni débi tí ojúbọ wà. Ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́. Kí lẹ rí sí i?
— Bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta, Ìkòròdú

ÌDÁHÙN

Bàbá, ẹ kú ìrònú àwọn ọmọ. Àníyàn ẹni yẹn kì í ṣe ohun tó yẹ ká fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Mo ti rí òbí tó mú ọmọ lọ síbi tí kò múra ọkàn ọmọ sílẹ̀ fún, tí ẹ̀rù sì bá ọmọ náà fún ọ̀pọ̀ ọjọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 17. Pọ́ọ̀lù rìn káàkiri Áténì, ó wo àwọn ohun tí wọ́n ń bọ, ó ka àkọlé tó wà lára pẹpẹ wọn dáadáa débi pé ó rántí rẹ̀ nígbà tó ń bá wọn sọ̀rọ̀. Ó wò ó, kò forí balẹ̀ fún un, kò sì bú wọn. Nǹkan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn ni mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ mi ká tó kúrò nílé. A kì í fi owó sí ojúbọ, a kì í bá wọn ṣe ètùtù kankan, a sì máa ń lọ lọ́jọ́ tí kò sí ọdún. Bí a bá sì bá àgbàlagbà lábẹ́ Olúmọ, ọmọ tí kò bá kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ kí i, èmi pẹ̀lú rẹ̀ ni nígbà tá a bá délé. Ìyá ẹlòmíràn ni. Ọ̀nà tí ó ń gbà sìn kò gba ìkíni lọ́wọ́ rẹ̀.

Mi ò mú èyí tí kò tíì pé ọdún 10 lọ sí igbó Ọ̀ṣun. Àwọn tó dàgbà ni mo mú, lẹ́yìn tá a ti jọ kà nípa ìdí tí UNESCO fi kọ ọ́ mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005. Ìbéèrè tí wọ́n bi mí lọ́nà ilé pọ̀ ju èyí tí mo lè dáhùn lọ, mo sì sọ fún wọn pé mi ò mọ àwọn kan. Mo fẹ́ kí ọmọ mi kọ́kọ́ bi mí ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, kó tó lọ bi ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ̀ tó mi.

Bí ọkàn yín kò bá wá gbà á lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ má lọ. Ohun tí kò bá ti inú ìgbàgbọ́ wá, ẹ̀ṣẹ̀ ni, Pọ́ọ̀lù kan náà ló kọ ọ́. Ìlú mìíràn pọ̀ tí ẹ lè mú wọn lọ.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ káàsán, Màmá wa. Manchester la wà, ilé la ti ń kọ́ àwọn ọmọ wa méjì, ọdún 9 àti 13. A fẹ́ kó wọn wálé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ́dọ̀ ìyá mi. Ẹ̀rù ń ba ìyàwó mi pé káńsù lè ní a dá ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ dúró. Báwo la ṣe lè fi ìrìn-àjò náà kọ́ wọn? Wọ́n gbọ́ Yorùbá, wọn ò fẹ́ sọ ọ́.
— Ọmọ Ìjẹ̀bú, Manchester

ÌDÁHÙN

Ọmọ Ìjẹ̀bú, ẹ kú àjò o. Ohun tí òfin ẹ̀kọ́ 1996 ní England béèrè lọ́wọ́ òbí ni pé kí ọmọ gba ẹ̀kọ́ tó yẹ ẹ́, ìbáà jẹ́ ní ilé-ìwé tàbí lọ́nà mìíràn. Ìsinmi àwọn ilé-ìwé ò dè yín. Ẹ fi àǹfààní yẹn wá ní oṣù kejì tàbí ìkẹta, nígbà tí tíkẹ́ẹ̀tì kì í wọ́n tó ti oṣù kẹjọ àti ti Kérésìmesì, tí òjò ò sì tíì ba ọ̀nà jẹ́. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìwé kan tó ń kọ ohun tó rí sí lójoojúmọ́. Bí káńsù bá béèrè, ìwé yẹn ni kí ìyàwó yín gbé fún wọn. Ẹ má gbàgbé abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú àti oògùn ibà, kí ẹ tètè rí dókítà nípa méjèèjì.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀hún. Kí ẹ tó wọ bàálù, ẹ mú wọn lọ sí Canterbury. Inú kàtídírà ibẹ̀ ni wọ́n ti fi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà 1864. Kí èyí tó jẹ́ 13 dúró níbẹ̀, kó mọ̀ pé Òṣòògùn ni ẹni yẹn ti wá. Nígbà tí ẹ bá wá mú un dé Aké, á ti rí ìdí ọ̀rọ̀ náà àti orí rẹ̀.

Èdè ló ká mi lára jù nínú lẹ́tà yín. Ẹ má fi ipá mú wọn sọ ọ́, ẹ fún wọn níṣẹ́ tí kò ṣeé ṣe láìsọ ọ́. Nígbà tí àwọn ọmọ àbúrò mi wá láti ìlú òyìnbó, ohun tí mo ní kí wọ́n ṣe ni kí wọ́n gba orin lẹ́nu ìyá wa. Ìwé orin màmá wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀, ẹ̀yìn ẹ̀ ti ya, wọ́n ti fi okùn dúdú rán an. Gbogbo ibi tó fi ewé tàbí bébà há ni orin tó ní ìtàn: èyí tí wọ́n kọ nígbà ìgbéyàwó rẹ̀, èyí tó kọ lórí ibùsùn ní ilé ìwòsàn, èyí tó ní kí wọ́n kọ nígbà tí òun bá lọ. Èyí ọkùnrin gbé fóònù rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ kó máa gbohùn, ó wá ní, "Grandma, why this one?" Màmá wò ó. Kò gbọ́. Ọmọ náà wẹ̀yìn wò mí, mi ò gbà á sílẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ìyá, kí ló dé tí ẹ fi bébà sí ibí?" Màmá sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan ààbọ̀.

Nítorí náà ẹ sọ fún ìyá yín pé iṣẹ́ ń bọ̀ wá bá wọn. Bí àwọn ọmọ bá dé, kí wọ́n kọ́kọ́ kúnlẹ̀, kí wọ́n jẹ ìkọ́kọrẹ́ tí màmá bá sè, kí wọ́n sùn. Lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n ní kí màmá mú ìwé orin wọn wá.